Ta Ni Ó Tú Ọ Sílẹ̀?

Gbogbo Òwu ní Abẹ́òkúta ló ń pe Láwàlì ní Alága. Bùsírátù nìkan ló ń pè é ní Láwàlì, bí ẹni tó ń pe ọmọ tó rán níṣẹ́ tí ọmọ náà sì pẹ́ lọ́nà. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn ìpè yẹn rárá. Bí ó bá wà láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí obìnrin náà bá pè é bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, á dáhùn, ṣùgbọ́n iṣan ọrùn rẹ̀ á le. Kí ló sì fẹ́ ṣe? Inú ṣọ́ọ̀bù ọkọ obìnrin náà ló jókòó sí.

Káfíńtà ni Sàlàhúdíìnì, ọkọ Bùsírátù, nígbà ayé rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Láwàlì ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, oyún Títílọlá, ọmọbìnrin wọn, ṣì wà nínú Bùsírátù. Kò lé Láwàlì. Ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, kí ariwo ayùn má bàa kúrò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbájú mọ́ aró. Aládìrẹ ni, ìkòkò aró rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, Ìtòkú ló sì ti ń tajà. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún, tí aró ń rùn lẹ́yìn, tí ayùn ń ké níwájú, tí Láwàlì sì ń sanra. Ó di ọ̀gá, ó di alága ẹgbẹ́ káfíńtà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ènìyàn pé ọ̀gá òun ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún òun kó tó kú. Bùsírátù gbọ́, ó kàn pòṣé. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ṣùgbọ́n ọlọ́ṣà á tilẹ̀ sá lọ. Eléyìí jókòó síwájú ilé, ó ń kí ni ní "ẹ kú àárọ̀".

Ara Títílọlá ní tirẹ̀ kò gba aró. Kọ́síìkì tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ máa ń bó o lọ́wọ́, kò sì lè fara da òórùn rẹ̀. Inú èérún pákó ló ti ń ṣeré láti kékeré. Nígbà tó parí ìwé mẹ́fà, ó ní káfíńtà lòun máa ṣe. Ará ilé rẹ́rìn-ín, Láwàlì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbà á, torí kò sí bí yóò ṣe lé ọmọ kúrò lórí ilẹ̀ bàbá ọmọ. Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ó kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí Títílọlá fi máa pé ogún ọdún, kò sí ilẹ̀kùn tí kò lè kàn, ó sì máa ń gun òrùlé láìdi nǹkan kan mú.

Ọ̀rọ̀ ilé ìjọba ló wá tú gbogbo rẹ̀ síta. Láyé ìjọba alágbádá ni. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí Abẹ́òkúta di olú ìlú ìpínlẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ń rọ́ wọlé, ilé ò sì tó. Wọ́n gba ilẹ̀ kan lẹ́yìn Ìbarà, wọ́n ní àwọn máa kọ́ ilé rẹpẹtẹ síbẹ̀. Kọ́ńpínnì tó gba iṣẹ́ náà kó káfíńtà wá láti Èkó, ó kó bíríkìlà tó jẹ́ ọmọ Gáńà wá, ọmọ Ẹ̀gbá sì ń fi orí ru kọnkéré. Ta ni kò ní bínú? Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, wọ́n tún sọ ẹni di alágbàrù lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ fi igi dí ọ̀nà sáìtì, ọkọ̀ símẹ́ńtì ò rí ibi kọjá. Láwàlì ló ṣáájú wọn. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnjiníà Adétáyọ̀, ọ̀gá sáìtì, jáde bá wọn sọ̀rọ̀. Ó gbà pé wọ́n jàre. Ó ní òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé àwọn ilé tó kù, káfíńtà ìlú ni yóò ṣe é. Àwọn á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo ayùn oníná, bí ilé bá sì parí, ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀ yóò dúró síbẹ̀, wọn ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á. Kò mọ ẹni tó mọṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn mọ òòlù í dì mú, kò sì fẹ́ kí òrùlé já lu ọmọ ọlọ́mọ. Láwàlì dáhùn pé ìyẹn ò le, kí wọ́n má ṣáà gba ẹnikẹ́ni tí kò tíì ṣe fíríídọ̀ọ̀mù. Wọ́n fẹnu kò sí i. Lẹ́nu géètì, ẹnjiníà á bi olúkúlùkù léèrè lójú gbogbo ènìyàn pé ta ni ó tú u sílẹ̀. Bí ó bá dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì jẹ́rìí sí i, ó wọlé nìyẹn.

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ fíríídọ̀ọ̀mù. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti kọ́ṣẹ́ parí, á kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á gbé ìfági lé e lọ́wọ́, á ṣe àdúà sí i. Láti ọjọ́ náà ló tó di ẹni ara rẹ̀. Á kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, á lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Bí wọn ò bá tíì tú u sílẹ̀, ì báà lè dá kan òrùlé mọ́ṣáláṣí, ọmọ iṣẹ́ ni. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Títílọlá ti kọ́ṣẹ́ parí tipẹ́, ṣùgbọ́n Láwàlì kò tú u sílẹ̀. Ó ní kí ààwẹ̀ lọ ná. Ààwẹ̀ lọ, ó ní kí Iléyá kọjá. Ìgbà tí wọ́n dá ọjọ́ tí géètì sáìtì máa ṣí, Bùsírátù nu ọwọ́ aró rẹ̀ nù, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ bá a.

Láwàlì dìde fún un, ó nu àpótí fún un láti jókòó. Obìnrin náà kò jókòó. Ó ní kó tú ọmọ òun sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó kò. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní àwọn tí kọ́ńpínnì fẹ́ gbà ò pọ̀, pé àwọn ọkùnrin tó ní aya nílé ló yẹ kó ṣáájú, pé ta ni yóò dúró lábẹ́ obìnrin tó wà lórí òrùlé. Ẹ wo ẹnu! Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni Mọ́nsúrù, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ń yọjú láti ẹ̀yìn pákó. Kò tíì pẹ́ tí Láwàlì tú ìyẹn sílẹ̀, fèrèsé tó bá kàn ò sì tíì ṣe é tì. Bùsírátù mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ọmọ òun.

"Láwàlì," ó ní, "bí ìwọ ò bá tú u sílẹ̀, ilé yìí á tú u sílẹ̀. O mọ̀ pé ó lè ṣe é."

Ọkùnrin náà wojú rẹ̀, ó wolẹ̀. Ó ní kó dé ìpàdé ẹgbẹ́ wá sọ ọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìgbà tí Sàlàhúdíìnì kú, Láwàlì kò tíì ṣe fíríídọ̀ọ̀mù. Iṣẹ́ ilé ìwé kan sì wà nílẹ̀, wọn ò sì ní gbé e fún ọmọ iṣẹ́. Ìyá Láwàlì wá kúnlẹ̀ bẹ Bùsírátù pé Bùsírátù fúnra rẹ̀ ni ilé Sàlàhúdíìnì báyìí, kó dìde dúró ní ipò ọkọ rẹ̀. Bùsírátù ń ṣe opó nígbà náà, ojú ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ kàn án. Wọ́n ta aṣọ àdìrẹ kan sáàárín iyàrá, ọ̀rẹ́ olóògbé kan di etí rẹ̀ mú, Láwàlì kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó ń sunkún bí ọmọdé. Bùsírátù na ọwọ́ jáde lẹ́bàá aṣọ náà, ó gbé ìfági ọkọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì ṣe àdúà fún un. Ìyá Láwàlì wá tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ náà má jáde, kí wọ́n má bàa fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ló tú u sílẹ̀. Bùsírátù ṣèlérí. Ìyá náà ti kú, ìlérí ò kú, Láwàlì sì mọ̀ pé ẹnu obìnrin yìí kì í jo.

Abẹ́ àtíbàbà ẹgbẹ́ ní Òwu ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Bùsírátù nìkan ni obìnrin tó wà níbẹ̀, òun àti Títílọlá tó dorí kodò lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní ọmọ òun ti kọ́ṣẹ́ parí, ọ̀gá rẹ̀ ò sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ tí kò fi tú u sílẹ̀, nítorí náà ilé Sàlàhúdíìnì ti múra láti tú u sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ni àwọn ọkùnrin bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ṣé aró ni wọ́n á fi ṣe àdúà fún un. Mọ́nsúrù, ọlọ́fèrèsé, ló rẹ́rìn-ín jù.

Bùsírátù ò tíì bínú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, ojú Láwàlì ló ń wò, ó ń retí kí ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìyẹn nìkan ni ì bá ṣe, obìnrin náà ì bá sì dárí gbogbo rẹ̀ jì í.

Láwàlì dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún ìyàwó ọ̀gá òun, ṣùgbọ́n òfin lòfin. "Ọwọ́ obìnrin kì í tú káfíńtà sílẹ̀," ó ní. "Ẹni tí obìnrin bá tú sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ni títí tó fi máa kú."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bùsírátù dúró kí àtẹ́wọ́ náà parí.

"Láwàlì," ó ní, "ta ni ó tú ọ sílẹ̀?"

Ọkùnrin náà rò pé ìlérí ṣì ń ṣọ́ òun. "Ọ̀gá mi ni," ó ní. "Orí àìsàn ló wà, ó gbé ìfági lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun."

Bùsírátù kò ní sọ ọ́, ó ti ṣèlérí. Ó kàn yíjú sí orí àga tí Bàbá Jùbrílù jókòó sí.

Bàbá Jùbrílù ni àgbà ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́ Sàlàhúdíìnì ni tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ogbó ti dé, ó sábà máa ń tòògbé nínú ìpàdé, wọn kì í sì í jí i àfi tí àdúà bá kù. Lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ là kedere.

"Irọ́ ni," ó ní. "Èmi ni mo di etí aṣọ mú. Mo rí ọwọ́ tó gbé ìfági fún ọ, aró wà léèékánná rẹ̀. Mo ṣèlérí fún ìyá rẹ pé mi ò ní sọ ọ́. Mi ò ṣèlérí pé màá jókòó ti irọ́."

Ká ní ilẹ̀ lanu, Láwàlì ì bá wọnú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú tirẹ̀ kọ́ ló ń jẹ àwọn yòókù lógún. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ wọ́n lára, ìgbà tó sì wọ̀ wọ́n, ṣe ni wọ́n ń wojú ara wọn. Láwàlì ló tú ìdajì wọn sílẹ̀. Bí Láwàlì bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́, kí ni àwọn fúnra wọn? Ọmọ iṣẹ́ ha lè tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀? Géètì sì ti fẹ́ ṣí. Mọ́nsúrù ló kọ́kọ́ lanu, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ pé obìnrin ò lè tú ènìyàn sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní ìyàwó ọ̀gá, ọ̀gá ni. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ló wá ń pariwo pé ta ló gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ẹnu náà ni wọ́n sì fi jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá àwo.

Wọ́n ní kí Láwàlì mú ìfági ọ̀gá rẹ̀ wá. Ó lọ, ó mú un wá, ó gbé e lé Bùsírátù lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀. Títílọlá kúnlẹ̀. Bùsírátù gbé ìfági náà lé e lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irin ṣá a, kí igi má wó lù ú, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa bọ́ ọ. Gbogbo wọn ṣàmín, àfi Láwàlì. Ó ti bá ẹ̀yìn àtíbàbà jáde.

Bùsírátù rò pé inú ọmọ òun máa dùn. Lójú ọ̀nà ilé, Títílọlá di ìfági náà mọ́ àyà títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ọkùnrin yẹn ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú. Ó ní ìyá òun á lọ sùn ní tirẹ̀, òun ló máa lọ bá ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà.

"Màámi, ẹ gba iṣẹ́ fún mi," ó ní, "ẹ sì gba ọ̀tá kún un."

Inú bí Bùsírátù. Ó ní ta ló kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá. Títílọlá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa títí ọjọ́ géètì fi kò.

Lọ́jọ́ náà, Bùsírátù gbé igbá àdìrẹ karí, ó ní Ìbarà lòun ń lọ kiri ọjà. Ta ni kò mọ̀ pé kì í kiri? Òdìkejì títì sáìtì ló lọ dúró sí. Ìlà káfíńtà gùn. Ẹnjiníà Adétáyọ̀ jókòó sórí ìjókòó onírin lẹ́nu géètì, ó ń bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní Láwàlì ló tú àwọn sílẹ̀, àwọn kan dárúkọ ọ̀gá mìíràn, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ń jẹ́rìí, wọ́n ń wọlé lọ síbi tí wọ́n to ẹ̀rọ sí. Ó kan Títílọlá. Ó gbójú sókè, ó ní ìyá òun ni, Bùsírátù ìyàwó Sàlàhúdíìnì, ní Òwu. Ẹnjiníà ya ẹnu, ó wo ìlà. Ìlà ké pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ké e ju bí wọ́n ṣe ké ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní kó wọlé.

Alága ló yẹ kó ṣáájú ìlà, ṣùgbọ́n Láwàlì fà sẹ́yìn títí ó fi di ẹni ìkẹyìn. Bóyá ó rò pé á ti rẹ ẹnjiníà, pé á kàn ní kó kọjá. Kò rẹ ẹ́. Ó bi í bó ṣe bi àwọn yòókù. Láwàlì kùn nǹkan kan sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹnjiníà ní òun ò gbọ́.

"Bùsírátù ni," Láwàlì ní. "Ìyàwó Sàlàhúdíìnì, ní Òwu."

Bùsírátù gbọ́ ọ láti òdìkejì títì. Láti ọdún wo ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn? Ó rò pé inú òun á dùn, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Ẹnjiníà ní ta ni yóò jẹ́rìí sí i. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Láwàlì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti ń tú sílẹ̀ láti ọdún yìí wá ti wọlé, wọ́n ti yí ẹ̀rọ ká, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́. Mọ́nsúrù kò tilẹ̀ yíjú. Títílọlá nìkan ló ṣì dúró nínú géètì, ìfági bàbá rẹ̀ lábẹ́ apá. Láwàlì wò ó. Bùsírátù náà wò ó, ó mi orí fún un pé kó dákẹ́. Kó ṣáà dákẹ́, kí ọkùnrin yìí padà sílé bí ó ṣe fẹ́ kí Títílọlá padà.

Títílọlá rí ìyá rẹ̀. Ó yíjú sí ẹnjiníà.

"Mo jẹ́rìí sí i, sà," ó ní. "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú ìyá mi ni mo wà."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó ní kí Láwàlì wọlé. Láwàlì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń kọjá lára ọmọ náà láìdúpẹ́.

Bùsírátù sọdá títì. Ó pe Láwàlì bí ó ṣe máa ń pè é, ọkùnrin náà sì dúró.

"Àwa ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé o ti di ẹni ara rẹ," ó ní. "O ti wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ lónìí. Ẹni tí a bá ti tú sílẹ̀ kì í jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mọ́. Kó ẹrù rẹ kúrò níwájú ilé mi kó tó di Jímọ̀. Títílọlá máa lo ṣọ́ọ̀bù náà."

Láwàlì wo Títílọlá bóyá á tún gbẹnu sọ fún òun. Ìfági ọwọ́ rẹ̀ ni Títílọlá ń wò ní tirẹ̀.

"Mo gbọ́, màámi," Láwàlì ní, ó sì wọlé lọ síbi ẹ̀rọ.

Bùsírátù tún igbá rẹ̀ gbé, ó gba ọ̀nà Òwu lọ. Ó fi aṣọ sílẹ̀ sínú aró láti àárọ̀, ó sì ti tó àkókò kó yọ ọ́.